Abẹ́rẹ́ Kòrónà: Kí Ló Ń Lé Wa Sá?

 Ẹ̀yin ìyá wa ò lè gbàgbé March 2020, nígbà tí àṣẹ ti Aláúsá wá pé ká ti ọjà, àfi ẹni tó ń ta oúnjẹ, omi tàbí oògùn. Àwọn aláṣọ wa jẹ owó òwò wọn tán. Ìbòmú tí wọ́n ní ká lò, abẹ́ àgbọ̀n la so ó mọ́!

Abẹ́rẹ́ dé Èkó ní March 2021, a tún sá. Wọ́n ní kò ní í jẹ́ ká bímọ mọ́. Àwa tá a ti ń pọn ọmọ-ọmọ náà ń sá. Ṣé ẹ rántí ọ̀rọ̀ omi iyọ̀, ìgbà Ebola ní August 2014? Ó kéré tán, èèyàn méjì mu ún kú ní Nàìjíríà, Ebola ò sì ṣe wọ́n.

Òótọ́ ni pé apá á dùn, ara lè gbóná díẹ̀. Ẹni tó gbà á ṣì lè kó kòrónà, ṣùgbọ́n kì í sábà dójú ikú. Ẹ̀yin ẹlẹ́jẹ̀ ríru àti onítọ̀ ṣúgà ni kòrónà ń há mọ́ jù. Ẹ bi àwọn nọ́ọ̀sì léèrè, kì í ṣe oníbàárà.