Ta ni yóò ṣọ́ síǹkì? Bí a ṣe lè lé ìpẹtà láìfi májèlé lé e

Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ nígbà kan rí, tó ti di ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń ṣe bóòtù, nọ́ọ̀tì àti àwọn irin kéékèèké mìíràn, kọ̀wé sí mi. Ó ní, "Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, oníbàárà wa kan ní òkè òkun ní òun ò fẹ́ rí kurómíọ̀mù oní-mẹ́fà lára ọjà wa mọ́. Ẹni tó ń ta kẹ́míkà fún wa kó oríṣi mélòó kan wá láti fi rọ́pò rẹ̀, ó ní èyíkéyìí tí a bá mú, ọ̀kan náà ni. Ṣé òótọ́ ni?"

Kì í ṣe òótọ́. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó ń dúró ti ọpọ́n kẹ́míkà lójoojúmọ́, ó sì kan omi kànga àwọn aládùúgbò wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n dáhùn ní gbangba, kí gbogbo wa jọ kà á.

Síǹkì ń san gbèsè irin

Irin tí wọ́n fi síǹkì bò ni òyìnbó ń pè ní galvanized. Púpọ̀ nínú páànù orí ilé wa, korobá ìpọnmi àti òpó iná ojú títì ló jẹ́ bẹ́ẹ̀. Síǹkì máa ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 420 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Wọ́n á gbé e gbóná dé nǹkan bí 450, wọ́n á wá rì irin tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ tónítóní bọ inú rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Stanislas Sorel, ló gba ìwé àṣẹ lórí iṣẹ́ yìí ní 1837. Àmọ́ kí tirẹ̀ tó dé, ní 1824, Humphry Davy ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi hàn pé bí a bá so síǹkì tàbí irin mọ́ bàbà tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi, omi òkun ò ní lè jẹ bàbà náà mọ́.

Iṣẹ́ méjì ni síǹkì ń ṣe. Èkíní, ó dúró bí ògiri láàárín irin àti omi. Èkejì ló jinlẹ̀ jù: síǹkì yára ju irin lọ láti fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ sílẹ̀. Bí nǹkan bá ha páànù, tí irin inú rẹ̀ sì yọjú, síǹkì tó wà nítòsí ni yóò kọ́kọ́ máa jẹrà dípò irin. Irin ló jẹ gbèsè, síǹkì ló ń san án. Ẹni tó bá gun Bower's Tower ní Ìbàdàn, èyí tí a ń pè ní Láyípo, tó sì wo àwọn òrùlé àtijọ́ tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú nísàlẹ̀, ibi tí síǹkì ti sanwó títí tí owó fi tán lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń wò yẹn. Ìgbà tí síǹkì bá tán ni irin tó ń dípẹtà, tàbí kó dógùn-ún, bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń pè é.

Ó wá di dandan ká bi ara wa pé: ta ni yóò ṣọ́ síǹkì fúnra rẹ̀?

Bí síǹkì tuntun bá rí atẹ́gùn àti omi, ó máa ń fi gáàsì kábọ́ńdáyọ́kísáìdì inú afẹ́fẹ́ ṣe awọ líle kan lára. Ẹ ti rí i pé páànù tuntun máa ń dán, ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù mélòó kan ó á ṣú, á rí bí eérú. Ẹ má bínú sí eérú yẹn o, òun gan-an ni ẹ̀ṣọ́. Àmọ́ kò lè hù níbi tí atẹ́gùn ò bá dé. Bí a bá to páànù lé ara wọn, tí òjò wá wọ àárín wọn, ohun funfun kan tó ń kù bí ẹfun ni yóò hù níbẹ̀. Ìpẹtà funfun nìyẹn. Ó lè jẹ síǹkì tó yẹ kó lo ọ̀pọ̀ ọdún láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Iyọ̀ òkun náà kì í jẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ yẹn gbádùn. Ìdí nìyẹn tí páànù etí òkun l'Ékòó kì í fi í pẹ́ tó ti Ọ̀yọ́.

Síǹkì ara páànù tó dára lè nípọn tó 20 máíkírọ̀mítà ní ojú kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n fi iná mànàmáná lẹ̀ mọ́ bóòtù sábà máa ń kéré sí èyí gan-an. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe le fún àwọn oníbóòtù ju àwọn onípáànù lọ.

Ohun tí kurómíọ̀mù oní-mẹ́fà ṣe tí gbogbo ayé fi gbà á

Láti àwọn ọdún 1930 ni wọ́n ti ń rì síǹkì bọ inú omi ásíìdì tí wọ́n po díkúróméètì mọ́. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ti tó. Ohun tí ẹ rì bọ̀ ọ́ á jáde ní àwọ̀ yẹ́lò tó ń kọ mànà bí epo tó léfòó lójú omi. Ẹ ti rí àwọ̀ yẹn lára bóòtù mọ́tò àtijọ́.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ásíìdì á jẹ síǹkì díẹ̀. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí síǹkì fi sílẹ̀ á sọ kurómíọ̀mù oní-mẹ́fà di oní-mẹ́ta. Bí ásíìdì ṣe ń dínkù lójú ibẹ̀, oní-mẹ́ta yìí á dì bí ẹ̀kọ tútù, á sì há díẹ̀ nínú oní-mẹ́fà mọ́ inú. Ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ wà nìyẹn. Bí nǹkan bá ha bóòtù náà lẹ́yìn náà, omi á fa oní-mẹ́fà tó há síbẹ̀ jáde, á gbé e lọ sójú ọgbẹ́, á tún di oní-mẹ́ta, ọgbẹ́ á sì jinná. Awọ tó ń wo ara rẹ̀ sàn! Ó dínwó, kò nílò iná, kò sì gba àkókò. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kò dára níbi iṣẹ́ rẹ̀, irọ́ ló pa. Ó dára. Ohun tó burú ni ohun tó ń ṣe fún ènìyàn.

Olè tó wọ aṣọ onílé

Oní-mẹ́ta àti oní-mẹ́fà, kurómíọ̀mù kan náà ni. Iye ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ti kúrò lára wọn ló yàtọ̀. Oní-mẹ́ta kì í tètè rí ọ̀nà wọ inú sẹ́ẹ̀lì ara wa. Oní-mẹ́fà, nínú omi, máa ń di kúróméètì, ìrísí kúróméètì sì jọ ti sọ́fẹ́ètì tí ara wa nílò. Ẹnu ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì ṣí sílẹ̀ fún sọ́fẹ́ètì ló máa ń gbà wọlé, bí olè tó wọ aṣọ onílé. Tó bá ti wọlé tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà, á sì ba DNA jẹ́.

Ní 1990, àjọ IARC, tó ń rí sí ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, kà á mọ́ àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni pàtàkì, fún àwọn tó ń fà á símú. Ó tún máa ń dá egbò sí ọwọ́, ó sì máa ń lu ohun tó pín ihò imú sí méjì. Àwọn dókítà ti mọ̀ nípa ihò imú tó lu yìí láti ayé àtijọ́.

Ti omi náà wà níbẹ̀. Ní Hinkley, ìlú kékeré kan ní California, ilé iṣẹ́ PG&E lo kurómíọ̀mù oní-mẹ́fà láàárín 1952 sí 1966 kí irin tó wà níbi tí wọ́n ti ń mú omi tutù má baà dípẹtà. Wọ́n da omi náà sínú kòtò tí wọn ò tẹ́ nǹkan sí nísàlẹ̀, ó sì rìn wọ omi abẹ́ ilẹ̀. Ní 1996, mílíọ̀nù 333 dọ́là ni wọ́n gbà láti san fún àwọn ará ìlú. Ẹ̀yin tó ti wo fíìmù Erin Brockovich, ìtàn náà nìyẹn. Ẹ kíyè sí i: torí kí irin má baà dípẹtà ni gbogbo rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀.

Òfin náà wá dé. Ní Yúróòpù, láti July 1, 2006, kurómíọ̀mù oní-mẹ́fà kò gbọdọ̀ ju ìdá 0.1 nínú 100 lọ nínú èròjà kọ̀ọ̀kan tó wà lára ohun èlò oníná mànàmáná tuntun. Ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tẹ̀lé e ní 2007. Ibẹ̀ ni lẹ́tà oníbàárà ọmọ mi yìí ti wá.

Àwọn tó lè rọ́pò rẹ̀

*Kurómíọ̀mù oní-mẹ́ta.* Òun ló sún mọ́ ti àtijọ́ jù lọ. Ọpọ́n tí ẹ ní tẹ́lẹ̀ lè gbà á bí ẹ bá fọ̀ ọ́ dáadáa, àmọ́ ẹ ní láti máa ṣọ́ ásíìdì àti ìgbóná rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó fara da ooru ju ti yẹ́lò lọ, nítorí pé awọ yẹ́lò máa ń gbẹ, á sì sán bí ooru bá ti ju nǹkan bí 70 lọ. Àléébù rẹ̀ méjì: kì í wo ara rẹ̀ sàn bíi ti oní-mẹ́fà, nítorí náà wọ́n sábà máa ń fi ìbòrí mìíràn dé e lórí. Èkejì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní kóbáàtì, iyọ̀ kóbáàtì sì ti wà lára ohun tí Yúróòpù ń fura sí gidigidi. Ẹ béèrè èyí tí kò ní kóbáàtì.

*Sakóníọ̀mù àti titéníọ̀mù.* Ásíìdì wọn tó ní fúlọ́ráìdì á jẹ síǹkì díẹ̀, awọ ọ́síáìdì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á sì jókòó síbẹ̀. Ó tinrin gan-an, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá máíkírọ̀mítà lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ẹ bá máa kun ọ̀dà lé e, ó dára púpọ̀, torí ó ń jẹ́ kí ọ̀dà dì mọ́ irin. Bí ẹ ò bá ní kun ọ̀dà, ẹ má gbára lé òun nìkan. Fúlọ́ráìdì náà kì í ṣe omi mímu o. Ìbọ̀wọ́ àti awò ojú jẹ́ dandan.

*Sílénì.* Wim van Ooij àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cincinnati ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí rẹ̀. Ọwọ́ kan rẹ̀ á di síǹkì mú, ọwọ́ kejì á di ọ̀dà mú, àwọn tó kù á sì di ara wọn mú bí àwọ̀n. Àwọ̀n náà kì í fẹ́ omi. Àmọ́ ojú irin gbọ́dọ̀ mọ́ gidi, bí òróró kékeré bá kù, asán ni.

*Sẹ́ríọ̀mù.* Ní àwọn ọdún 1980, Hinton àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Australia fi hàn pé iyọ̀ sẹ́ríọ̀mù ń dá ìpẹtà síǹkì dúró. Ibi tí ọ́síjìn ti ń gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló máa ń lọ jókòó sí, á sì dí ọ̀nà ibẹ̀. Nínú gbogbo wọn, òun ló sún mọ́ ìwà wíwo ara ẹni sàn. Owó rẹ̀ ló wọ́n, ó sì máa ń lọ́ra.

*Fọ́sífẹ́ètì.* Ògbólógbòó ni, ìpìlẹ̀ ọ̀dà ni. Ó ń gba iná, ó sì ń fi ẹrẹ̀ púpọ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ ọpọ́n.

Ìdáhùn mi

Fún bóòtù tí a kò ní kun lọ́dà: oní-mẹ́ta tí kò ní kóbáàtì, kí ẹ fi ìbòrí dé e. Fún páànù tàbí irin tí a máa kun: sakóníọ̀mù tàbí sílénì. Ẹ má sì jẹ́ kí olùtajà fi iye wákàtí tí nǹkan lò nínú àpótí ìfúnyọ̀ nìkan tàn yín jẹ. Omi oníyọ̀ ìdá 5 nínú 100, ní ìwọ̀n 35 Celsius, láìdáwọ́ dúró, kò jọ ojú ọjọ́ tiwa tí òjò ń rọ̀, tí oòrùn sì ń ràn. Kò fún síǹkì láyè kó hu awọ eérú rẹ̀. Ẹ gbé díẹ̀ sórí òrùlé yín, ẹ gbé díẹ̀ sí etí òkun, kí ẹ sì máa yẹ̀ wọ́n wò títí ọdún á fi yí po.

Ó ku ohun kan tí ọmọ mi kò béèrè, òun ló sì ń bà mí lẹ́rù jù: ibo ni ẹ máa da omi yẹ́lò àtijọ́ sí? Kò gbọdọ̀ wọ gọ́tà. Ẹ fi ásíìdì mú pH rẹ̀ wá sí 2 tàbí 3, kí ẹ wá fi sódíọ̀mù baisọ́fáìtì sọ oní-mẹ́fà di oní-mẹ́ta. Ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ dáadáa ni kí ẹ ti ṣe é, torí gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ kò dára fún àyà. Tí àyẹ̀wò bá ti fi hàn pé oní-mẹ́fà ti tán, ẹ fi láìmù gbé pH lọ sí nǹkan bí 8 tàbí 9, oní-mẹ́ta á sì rọ̀ sísàlẹ̀ bí ẹrẹ̀. Ẹ sẹ́ ẹrẹ̀ náà, kí ẹ gbé e fún àwọn tó ní àṣẹ láti kó irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ni kó ṣe é, kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ tó dé lánàá.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Omi tí a bá dà sẹ́yìn ilé iṣẹ́ lónìí, kànga ẹnìkan ló ń lọ. Irin tó dípẹtà, a lè ra òmíràn.