Ilé Baba: Gbígbà Tàbí Kíkọ̀

Bí ọkùnrin tí ó gbéyàwó nílànà ìbílẹ̀ bá kú láìṣe ìwé ìhágún, ilé rẹ̀ di ilé ẹbí. Kò di ti ọmọ kan ṣoṣo. Dáwódù tí a fà á lé lọ́wọ́ kì í ṣe onílé, alábòójútó ni. Òun ni yóò tún òrùlé ṣe, tí yóò pín yàrá, tí yóò sì parí ìjà àwọn ọmọ orogún (iṣẹ́ yìí ló le jù). Kò gbọdọ̀ tà á láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n èló ni ìpín ọmọ? Nínú ẹjọ́ Dánmọ́lé àti Dáwódù, ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án ni olóògbé fi sílẹ̀. Adájọ́ àkọ́kọ́ fara mọ́ orí-ò-jorí. Ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ yí i padà sí ìdí-igi ní 1958, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù sì fọwọ́ sí i ní 1962. Nípa ìdí-igi, ọmọ tí ó dá nìkan wà fún ìyá rẹ̀ yóò gba ìdá kan nínú mẹ́rin, dípò ìdá kan nínú mẹ́sàn-án.

Ẹni tí ó bá kọ ipò dáwódù kò di àjèjì nínú ilé. Ẹni tí ó tẹ̀ lé e ni yóò gba ẹrù náà.