Orí Bíbẹ́ Kọ́ ni Oògùn Orí Fífọ́

Àwọn àgbà tí ó wí pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́ kò rí ẹ̀rọ tí í wo inú agbárí rí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn bá iṣẹ́ abẹ ayé òde òní mu wẹ́kú, nítorí ohun tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ti ń wá kiri láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ni ọ̀nà tí wọn yóò gbà bá àrùn nínú orí, láì ba orí fúnra rẹ̀ jẹ́. Ẹni tí orí ń fọ́ ní Àgbádárìgì, ìlú Àkran, Panadol ni ó kọ́kọ́ ń lò. Bí kò bá lọ, a ní ibà ni. Bí ó bá sì pẹ́ títí, a ní ọwọ́ ayé ni. Lóòótọ́, ibà a máa fa orí fífọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí kì í ṣe ibà, tí kì í sì í ṣe àfọwọ́fà ẹnikẹ́ni: àpò kékeré kan, tí omi tàbí nǹkan kíki kún inú rẹ̀, tí ó lúgọ sínú ọpọlọ.

Inú ọpọlọ ènìyàn kò gbẹ. Yàrá mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀, tí ọ̀nà tóóró so pọ̀, omi mímọ́ gaara sì ń ṣàn láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Nǹkan bí 500 mílílítà ni ara ń pèsè lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ń bẹ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò ju nǹkan bí 150 lọ, nítorí bí tuntun ti ń dé ni ògbólógbòó ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ. Àwọn apẹja wa mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí ojú omi bá dí: nígbà tí koríko olódòdó àlùkò gba ìhà Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin wọ odò Àgbádárìgì ní 1984, ọkọ̀ kò rí ọ̀nà kọjá, àwọ̀n kò sì rí ibi balẹ̀. Bí àpò bá dí ẹnu ọ̀nà yàrá ọpọlọ, omi yóò máa pọ̀ sí i lẹ́yìn rẹ̀. Agbárí àgbàlagbà kì í sì í fẹ̀, ọpọlọ ni ó ń jìyà.

Oríṣiríṣi ni àwọn àpò yìí. Èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní colloid cyst a máa hù sí òrùlé yàrá kẹta, ní ẹnu ọ̀nà gan-an. Ó ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nǹkan bí ènìyàn 3 nínú mílíọ̀nù kan ni a ń rí i lára wọn lọ́dún. Èkejì ni arachnoid cyst, tí a bí mọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní i, tí wọ́n sì lè gbé ayé wọn dọjọ́ ogbó láì mọ̀. Ẹ̀kẹta ni ti aràn gbọọrọ tí ènìyàn ń kó láti ara ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí kò jinná: ẹyin aràn náà a máa bá ìgbẹ́ jáde, bí ó bá sì ti ara ọwọ́ àìfọ̀ tàbí omi eléèérí wọ ẹnu ẹlòmíràn, ọmọ aràn lè bá ẹ̀jẹ̀ dé ọpọlọ, kí ó di àpò níbẹ̀. Ní etíkun tiwa, níbi tí àwọn ará wa Ògù ti ń sin ẹlẹ́dẹ̀ láti ayébáyé, ó yẹ kí a fi ti ẹ̀kẹta yìí sọ́kàn.

Orí fífọ́ tí ó le jù lówùúrọ̀, tí èébì ń tẹ̀ lé, ojú tí ń ṣú, ẹsẹ̀ tí ń yẹ̀ lójijì, iyè tí ń ra: àmì àpò tí ó dí ọ̀nà omi nìyí. Ní ti ọmọ ọwọ́, orí a máa tóbi ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, àwùjẹ̀ a sì wú. Bí colloid cyst bá dí ọ̀nà pátápátá lójijì, ẹni tí ó sùn lálẹ́ lè má jí.

Ìgbìyànjú láti fi ọ̀pá wo inú ọpọlọ ti pẹ́: ní 1910, ní Chicago, dókítà Victor Lespinasse, tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ ti àpò ìtọ̀, fi ọ̀pá tí ó fi ń wo àpò ìtọ̀ wọ inú ọpọlọ ọmọ ọwọ́ méjì tí omi kún orí wọn. Ọ̀kan kú, èkejì gbé ọdún 5 sí i. Ní 1921, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ Walter Dandy yọ colloid cyst, ṣùgbọ́n agbárí ni ó ṣí sílẹ̀ gbayawu kí ọwọ́ rẹ̀ tó tó o. Ní 1923, William Mixter fi ọ̀pá awònú la ọ̀nà tuntun fún omi láti ilẹ̀ yàrá kẹta. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀pá ìgbà náà kò tó nǹkan. Ìgbà tí Harold Hopkins, ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣe gíláàsì tuntun fún un ni ojú iṣẹ́ náà tó là.

Báyìí ni wọ́n ń fi ọ̀pá yìí yọ àpò lónìí. Wọn a fi oògùn kun aláìsàn lóorun, wọn a fá irun iwájú orí rẹ̀ díẹ̀, lápá ọ̀tún lọ́pọ̀ ìgbà, wọn a sì lu ihò kan ṣoṣo, tí kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ lọ, sí agbárí. Ọ̀pá awònú tín-ín-rín, tí iná àti kámẹ́rà so mọ́, ni oníṣẹ́ abẹ yóò rọra tì wọlé. Kì í wo orí aláìsàn mọ́, ojú rẹ̀ wà lára tẹlifíṣọ̀n tí ń bẹ níwájú rẹ̀. Omi iyọ̀ mímọ́ ń ṣàn wọlé kí ojú ibẹ̀ má baà ṣú. Yóò dá àpò náà lu, yóò fa ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀ jáde, yóò fi iná mànàmáná dí iṣan ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, yóò sì já awọ rẹ̀ kúrò. Létí ẹnu ọ̀nà náà ni okùn ọpọlọ tí ìrántí rọ̀ mọ́ wà, tí ó fi jẹ́ pé bí ọwọ́ bá ṣì í, ẹni náà lè máa gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lánàá. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ní ilẹ̀ wa, E. Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́, ẹni àkọ́kọ́ tí ó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà, ti Amẹ́ríkà dé sí ilé-ìwòsàn UCH, Ìbàdàn mesì Ọ̀gọ̀, ní 1962, ó sì fi ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà lélẹ̀ kí ó tó kú ní 1974 ní ẹni ọdún 47. Ohun tí a mọ̀ jù fún omi inú orí fún ìgbà pípẹ́ ni rọ́bà tín-ín-rín tí a ń tẹ̀ láti inú ọpọlọ, lábẹ́ awọ, dé inú ikùn. Rọ́bà yìí ti gba ẹ̀mí púpọ̀ là, ṣùgbọ́n ó lè dí, kòkòrò sì lè wọ̀ ọ́, lọ́jọ́ tí ó bá sì dí, wàhálà ńlá ni fún ẹni tí ó jìnnà sí oníṣẹ́ abẹ. Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ abẹ Benjamin Warf, ní ilé-ìwòsàn àwọn ọmọdé CURE tí ó ṣí ní Mbale, Ùgáńdà, ní 2001, fi mú ọ̀pá awònú lò fún àwọn ọmọ ọwọ́: ó la ọ̀nà fún omi, ó sì jó ẹran ara tí ń pèsè omi náà kí ó lè dín kù. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2017 lórí ọmọ ọwọ́ 100 níbẹ̀ kò rí ìyàtọ̀ pàtàkì nínú ìdàgbàsókè ọpọlọ láàrin àwọn tí a ṣe é fún àti àwọn onírọ́bà lẹ́yìn oṣù 12. Ọ̀nà tuntun náà lè dí, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ní rọ́bà lórí kò ní rọ́bà tí yóò bàjẹ́; ẹni tí ó bá mọ ìrìn àjò láti Àgbádárìgì dé ilé-ìwòsàn ńlá tí ó wà ní Ìdí-Àràbà, ní Èkó àrómisá-lẹ̀gbẹ-lẹ̀gbẹ, mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo àpò ni a ń gé. Púpọ̀ nínú arachnoid cyst ni dókítà yóò kàn máa ṣọ́, ti aràn sì lè gba oògùn nígbà mìíràn. Ọgbọ́n oníṣẹ́ abẹ tí ó mọ èyí tí yóò fi sílẹ̀ kò kéré sí ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀. Àwòrán orí, CT tàbí MRI, ni ó ń fi ìyàtọ̀ hàn, nítorí náà kí ẹ má ṣe dá a mọ̀ fúnra yín.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹ̀yin ará etíkun, ẹ se ẹran ẹlẹ́dẹ̀ jinná, ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun, ẹ má sì ṣe yàgbẹ́ síbi tí ẹlẹ́dẹ̀ ń jẹ̀. Bí ẹ bá rí orí fífọ́ tí ó ní èébì àti ojú ṣíṣú nínú, ẹ gbé aláìsàn lọ sí ilé-ìwòsàn Jẹ́nẹ́rà lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ̀wé fún un lọ ṣe àyẹ̀wò orí. Àdúrà kò lòdì sí àyẹ̀wò. Ẹ tètè dá àrùn náà lọ́nà.