Nígbà tí Ọ̀sà Bá Tilẹ̀kùn: Iṣẹ́ tí Pọ́ńpù Omi Òjò Ń Ṣe

Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ń sọ ọ́, láti ẹnu Tokunbo Wahab tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà fún ètò àyíká, pé àwọn fẹ́ kọ́ ibùdó pọ́ńpù tí yóò máa fa omi òjò kúrò nígboro. Ará Ìkirè tàbí Àpòmù níbí ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí àgbàrá ti wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rí lè béèrè pé ìgbà wo ni wọn yóò kọ́ tiwa. Ìbéèrè gidi ni.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé nítorí òjò tó pọ̀ jù ni wọ́n ṣe ń ra pọ́ńpù. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Bí ilẹ̀ bá ga ju ibi tí omi ń lọ, tí ọ̀nà rẹ̀ sì mọ́, omi á ṣàn lọ fúnra rẹ̀. Ẹnu ibi tí omi ti ń jáde ni wàhálà Èkó wà. Gọ́tà ń tú sínú kánáàlì, kánáàlì ń tú sínú ọ̀sà, ọ̀sà sì ṣí sí òkun. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni òkun ń kún, tó sì ń fà. Bí òjò ńlá bá bọ́ sí wákàtí tí òkun kún, omi ọ̀sà á ga ju omi kánáàlì lọ, á sì tilẹ̀kùn mọ́ àgbàrá. Àgbàrá ò ríbi gbà mọ́, ló bá padà sí títì. Gọ́tà tí wọ́n kó ìdọ̀tí inú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà pàápàá á kún. Tí òkun bá fà, omi tó mu èèyàn dé orúnkún lè lọ láàárín wákàtí mélòó kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbọ́n ọn.

Iṣẹ́ pọ́ńpù ni láti gbé omi náà sókè, kó dà á sí òdìkejì ilẹ̀kùn yẹn. Kò lè dá a ṣe. Ó nílò géètì irin lẹ́nu kánáàlì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi tó dà sọ́sà á tún padà wọlé. Ó nílò adágún tí omi á ti kọ́kọ́ dúró dè é. Ó sì nílò iná, ní wákàtí tí ìjì sábà máa ń mú iná lọ.

New Orleans ní Amẹ́ríkà mọ èyí dáadáa. Púpọ̀ nínú ìlú náà rẹlẹ̀ ju òkun lọ, nítorí náà bí pọ́ńpù ò bá ṣiṣẹ́, omi ò ní í lọ. Láti nǹkan bí ọdún 1913 ni wọ́n ti ń lo pọ́ńpù ńláńlá tí A. Baldwin Wood ṣe. Nígbà tí ìjì Katrina dé ní oṣù Kẹjọ 2005, omi adágún Pontchartrain tó wà létí ìlú náà gba inú kánáàlì tí pọ́ńpù ń da omi sí padà wọlé, ògiri kánáàlì ya, omi sì bo nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìlú náà. Ọdún 2018 ni wọ́n tó parí géètì àti pọ́ńpù tuntun lẹ́nu àwọn kánáàlì yẹn. Kí wọ́n tó parí rẹ̀, ní oṣù Kẹjọ 2017, òjò lásán, kì í ṣe ìjì, bo àwọn àdúgbò kan nítorí pé ọ̀pọ̀ pọ́ńpù àti ẹ̀rọ iná wọn ti bàjẹ́. Bí wọ́n sì ṣe ń fa omi kúrò lábẹ́ ilẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ńṣe ni ilẹ̀ ìlú náà ń rì sí i.

Irú ìjì tí Katrina jẹ́ kì í dé Èkó. Ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n ń kọrí sí, kúrò lọ́dọ̀ wa.

Ní tiwa, Ìkirè àti Àpòmù wà lókè, wọ́n jìnnà sókun. Odò Ọ̀ṣun, tí wọ́n sé ní Aṣéjìrè nítòsí wa, ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn títí dé ọ̀sà Lẹ́kì, láìsan owó dísẹ́ẹ̀lì pọ́ńpù kankan. Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti jọ ti Èkó kò ju ìgbà tí odò ńlá bá kún, tí odò kékeré ò sì rí ibi tú sí. Ìbàdàn ló yẹ ká wò: omi odò Ògùnpa pa èèyàn púpọ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, omi sì tún ba ìlú náà jẹ́ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011. Ilé tó wà létí odò àti ìdọ̀tí tó dí abẹ́ afárá wà lára ohun tó fà á. Pọ́ńpù ò lè tú ìyẹn.

Lójú tèmi, Èkó nílò pọ́ńpù láwọn ibi tó rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù owó àtúnṣe rẹ̀ ń bà mí ju owó kíkọ́ rẹ̀ lọ. Ní tiwa, mo rò pé ohun tó yẹ ká béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ wa, Ìrewọlé àti Ìṣọ̀kan, ni ààlà etí odò: ibo ni wọ́n sàmì sí, ta ló sì ń fọwọ́ sí ìwé ilé tí wọ́n ń kọ́ kọjá rẹ̀?