Iná Tí Ń Tàn Níwájú Awakọ̀ àti Iṣẹ́ Tí Ó Ń Jẹ́

Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ láti Ìlerò gba Òkèhò lọ sí Ìsẹ́yìn yóò ti ṣe àkíyèsí àwọn iná kéékèèké tí ń tàn níwájú awakọ̀. Òmíràn pupa, òmíràn sì ní àwọ̀ ìyeyè. Ọ̀pọ̀ èrò ọkọ̀ rò pé ọ̀ṣọ́ ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ kà wọ́n sí ìyọlẹ́nu. Mo fẹ́ ṣe àlàyé iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ́, nítorí mo ti fojú mi rí ohun tí àìka irú iná bẹ́ẹ̀ sí lè ṣe fún odidi ilé kan.

Ní àkókò ìsinmi kan, mo bá àbúrò bàbá mi kó iṣu lọ sí ọjà Ìsẹ́yìn nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ó fi owó iṣu ọdún méjì rà. A kò tíì jìnnà sí Òkèhò nígbà tí iná pupa kan tí ó ní àwòrán agolo ọ́ìlì tàn. Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n ní, "Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Láti àná ni ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá dé Ìsẹ́yìn, a ó wò ó." Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ bá ń fi òòlù lu irin, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Mẹkáníìkì tí ó tú u fi hàn wá pé ọ́ìlì ti jò tán, irin sì ti jẹ irin. Ọdún kan gbáko ni ọkọ̀ náà fi wà lábẹ́ igi kí a tó rí owó ẹ́ńjìnnì mìíràn. Ọ́ìlì gálọ́ọ̀nù kan péré ni ìbá gbà á là. Àwọn àgbà ti wí i pé àìtètè mú olè ni olè fi ń mú olóko.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a mọ̀ ni ìyàtọ̀ àwọ̀. Iná pupa ń wí pé, "Dúró nísinsìnyí." Iná aláwọ̀ ìyeyè ń wí pé, "Máa rọra lọ, ṣùgbọ́n wá ìdí mi láìpẹ́."

Nínú àwọn iná pupa, ti ọ́ìlì ni ó léwu jù lọ. Iná yìí kì í wọn bí ọ́ìlì ti pọ̀ tó. Agbára tí ọ́ìlì fi ń sáré láàárín àwọn irin ni ó ń ṣọ́. Nítorí náà, bí ó bá tàn lójú ọ̀nà, ewu kò sí lọ́nà mọ́, ó ti wọlé. Kí a yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, kí a pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, kí a dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí a sì fa ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Bí ọ́ìlì bá ti lọ sílẹ̀, kí a fi kún un. Bí ó bá pé síbẹ̀ tí iná kò kú, kí a má ṣe wa ọkọ̀ náà mọ́ títí mẹkáníìkì yóò fi dé.

Iná ìgbóná ni ó tẹ̀ lé e. Ó lè jẹ́ pé omi rádíétọ̀ ti jò, tàbí pé fáànù kò yí mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí ìdérí rádíétọ̀ nígbà tí ó gbóná, nítorí omi náà yóò tú jáde, yóò sì bó olúwarẹ̀ lójú.

Iná tí ó ní àwòrán bátìrì kò sábà túmọ̀ sí pé bátìrì ti kú. Alternator, ẹ̀rọ tí ń fi iná mànàmáná bọ́ bátìrì, ni kò ṣiṣẹ́ mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bẹ́líìtì kan náà ni ó ń yí alternator àti ẹ̀rọ tí ń ti omi kiri. Bí iná bátìrì àti iná ìgbóná bá jọ tàn, ibi bẹ́líìtì ni kí a kọ́kọ́ wò. Ó ṣeé ṣe kí ó ti já.

Ní ti ọkọ̀ àtijọ́, bí irú Peugeot 504 tí a bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní ọdún 1975, iná kò pọ̀ níwájú wọn. Èéfín ni a fi ń mọ àìsàn wọn. Èéfín tí ó dà bí aró ń wí pé ọ́ìlì ń jó pọ̀ mọ́ bẹntiróòlù. Èéfín dúdú ń wí pé bẹntiróòlù pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ; ó lè jẹ́ eruku ọyẹ́ ni ó dí asẹ́ afẹ́fẹ́. Èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná ń wí pé omi ti wọ ibi tí kò yẹ kí ó wọ̀.

Ọkọ̀ ìgbà tiwa ní kọ̀ǹpútà, òun ni ó sì ń tan iná aláwọ̀ ìyeyè tí ó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì. Láti ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti mú kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí a ń tà níbẹ̀ ní ojúhò kan náà nítòsí ìtọ́kọ̀. Bí mẹkáníìkì bá ki ẹ̀rọ rẹ̀ bọ ojúhò yìí, nọ́ńbà yóò jáde. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí ibi tí ó ń dunni ni nọ́ńbà ń tọ́ka sí, kì í dárúkọ àìsàn.

Ká ní P0301 ni ó jáde. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé epo kò jó dáradára nínú sílíńdà kìn-ín-ní. Ó lè jẹ́ púlọ́ọ̀gì, ó lè jẹ́ kọ́ìlì, ó sì lè jẹ́ ẹnu tí ń tú bẹntiróòlù. Bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan bá ní kọ́ìlì tirẹ̀, mẹkáníìkì tí ó gbọ́n kì í sáré ra tuntun. Yóò fi kọ́ìlì kìn-ín-ní àti ìkejì pààrọ̀ ipò, yóò pa nọ́ńbà náà rẹ́, yóò sì tún wa ọkọ̀. Bí P0302 bá jáde, kọ́ìlì ni ọ̀daràn. Bí P0301 bá tún padà, kọ́ìlì kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iná yìí bá ń ṣẹ́jú, kí a dẹ eré, kí a sì dúró ní kété tí a bá ti rí àyè, nítorí ìpalára ti ń bá ọkọ̀ náà lọ́wọ́.

Ohun kan ni ó kù. Àwọn kan a máa yọ gílóòbù iná wọ̀nyí kí ẹni tí ń ra ọkọ̀ má baà rí wọn. Pípa iná kì í wo àìsàn. Ẹnu ẹni tí ń kígbe ni a dí. Nítorí náà, nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́ kí a tó ṣáná sí ọkọ̀, kí a wò ó bóyá gbogbo iná náà tàn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí wọ́n kú. Èyí tí kò tàn rárá yẹ ní bíbéèrè gẹ́gẹ́ bí èyí tí kò kú.

Àbúrò bàbá mi ti padà sí ojú ọ̀nà. Ní òwúrọ̀, kí wọ́n tó ṣáná, wọn a máa ka àwọn iná náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí olùkọ́ ti ń pe orúkọ ọmọ nínú kíláàsì, wọn kì í sì í gbéra bí ọ̀kan kò bá dáhùn.