Ẹrẹ̀ Kì í Gbàgbé Orísun

Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ẹrẹ̀ kì í gbàgbé tirẹ̀.

Orí àpáta líle ni Àkúrẹ́ àti Oǹdó tẹ̀dó sí. Ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó, shale, ẹrẹ̀ àtijọ́ tó di òkúta, wà lábẹ́ ilẹ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 66. Níbo ni omi ti gbé e wá?

Omi kì í tètè yọ́ thorium àti scandium. Bí thorium bá pọ̀ jù, àpáta bí ti Ìdànrè ló bí i. Bí scandium bá pọ̀ jù, àpáta dúdú ni. Bí vanadium bá pọ̀ púpọ̀ ju nickel lọ, ó ṣeé ṣe kí ọ́síjìn má tó nínú omi náà. Òkú ohun abẹ̀mí kì í jẹrà tán níbẹ̀. Òun ni epo ń tinú rẹ̀ wá.

Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kan kò tó dá ẹjọ́. Kí ẹni tó ń wá epo bi gbogbo wọn léèrè.