Ìwé Àṣẹ Ìjọba Ìbílẹ̀ àti Omi Ìbàdàn

Ta ni ọmọ Ìbàdàn tí kò gbọ́ orúkọ Omíyalé rí? Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni odò Ògùnpa kún bo bèbè rẹ̀, tí ó wó ilé, tí ó gbé ọkọ̀ lọ, tí ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 200. Àwọn ènìyàn a máa wí pé òjò ni ó fà á. Lóòótọ́ ni òjò rọ̀; ṣùgbọ́n òjò kọ́ ni ó ń fọwọ́ sí ìwé ilé tí a kọ́ sí etí odò, òjò kọ́ ni ó sì ń da pàǹtí sí ojú ọ̀nà omi.

Níbi tí igbó àti koríko bá wà, ilẹ̀ a máa mu omi òjò díẹ̀díẹ̀. Akùrọ̀ ní tirẹ̀ dàbí ìkòkò tí ń gba omi dúró. Bí ìgbìmọ̀ ìjọba bá gbà kí a fi yẹ̀pẹ̀ dí akùrọ̀, kí a sì gé e tà, omi náà kò sọnù. Ilé ẹlòmíràn ni ó ń lọ.

Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi gọ́tà, kíkó ìdọ̀tí, ọgbà ìtura àti ilẹ̀ gbalasa sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1991 a ti pín ìjọba ìgboro Ìbàdàn sí márùn-ún. Pẹ̀lú Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá, Ọ̀nà-Àrà, Ìdó àti Olúyọ̀lé, ó di mọ́kànlá. Odò kò mọ ààlà wọn. Bí ti ìsàlẹ̀ bá gbẹ́ ojú odò tirẹ̀, tí ti òkè sì jẹ́ kí ààtàn wà létí omi, asán ni iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, àgbàrá tún pa ènìyàn tí ó lé ní 100.

Àwa ará oko, irú wa ní Ọlọ́runṣògo, kì í sábà ka ara wa mọ́ ọ̀ràn yìí. Ṣùgbọ́n níbo ni ìdọ̀tí ìgboro ń lọ? Lapite ní Akínyẹlé, Aba-Eku ní Ọ̀nà-Àrà, Awotan ní Ìdó, Ajakanga ní Olúyọ̀lé: ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn ìlú ni. Nígbà tí òjò bá rọ̀ sórí irú ààtàn bẹ́ẹ̀, omi dúdú a máa ti abẹ́ rẹ̀ ṣàn, a sì máa wọ inú ilẹ̀ lọ sí kànga àti odò kékeré. Lójú tèmi, èyí burú ju ìkún-omi lọ, nítorí kì í pariwo. A lè fi amọ̀ líle tẹ́ ìdí ààtàn, kí a sì máa fi yẹ̀pẹ̀ bo ìdọ̀tí lójoojúmọ́. Owó ni ó ń gbà. Àwọn tí ó sì ń jókòó pín owó náà kì í pọnmi ní kànga tí ó wà nísàlẹ̀ ààtàn.